Wọ́n ti fi ooru yan jọ́ìntì mẹ́ta, PQR wa (ìwé ẹ̀rí ìdánwò wẹ́ẹ̀dì) ò sì gbọ́ nípa ooru rí (páìpù A333 Grade 6). Ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìjẹ̀bú QC (Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mo sì fẹ́ ẹ kí Mọ́ńdè tó dé.

Mo wà ní sáìtì kan ní Lekki. Propane tútù ló máa gba inú páìpù náà kọjá, design temperature ẹ̀ (òtútù tí wọ́n ṣe é fún) -46°C. Páìpù A333 Grade 6, 10 ínṣì schedule 120, ìyẹn 21.44 mm. Flange (etí páìpù tí wọ́n ń fi bóòtù so) A350 LF2, elbow (ìgbọ̀nwọ́ páìpù) A420 WPL6. TIG la fi ṣe root (ìpele àkọ́kọ́) pẹ̀lú ER80S-Ni1, a wá fi elektróòdù E7018-1 kún un. Jọ́ìntì 14 ni gbogbo ẹ̀, a ti wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tán, wọ́n ti ya fọ́tò inú ẹ̀ (radiography), kò sí èyí tó ní àléébù.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Spec (ìwé ohun tí wọ́n fẹ́) àwọn tó ni iṣẹ́ sọ pé páìpù tó bá ti nípọn ju 19 mm lọ, PWHT (fífi ooru yan jọ́ìntì lẹ́yìn wẹ́ẹ̀dì) ni dandan. Mo lọ ìsìnkú sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kí n tó dé fọ́màànù ti pe àwọn tó ń yan páìpù, wọ́n ti ṣe mẹ́ta. Ìgbà tí mo dé ni mo ṣí fáìlì PQR, mo wá rí i pé coupon ẹ̀ (ègé páìpù tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì fún ìdánwò) ò fojú kan ooru rárá lẹ́yìn tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tán, bó ṣe wà náà ni wọ́n gé e, òun náà ni wọ́n fi ṣe Charpy (ìdánwò fífọ́ irin nínú òtútù, joule ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) ní -46. Ìyẹn nìkan ì bá sàn. Jọ́ìntì kejì, ṣáàtì ẹ̀ ya wèrè: thermocouple (wáyà tó ń ka ooru) tó wà lókè ń ka 540, tìsàlẹ̀ gun 690, ó dúró síbẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ tó pa á. Àwọn méjì tó kù dáa, 610 sí 625 fún wákàtí kan gbáko.

Fọ́màànù ní ooru kì í ba irin jẹ́, kí n kàn fọwọ́ sí ìwé. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Àti pé kí la fẹ́ ṣe sí 11 tó kù?

Bàbá Wẹ́dà (9:40 alẹ́)

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Mo ti ń jó irin kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú yín síbí. PWHT sí páìpù dà bí omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ ìyá ọmọ tuntun, ara tó le máa dẹ̀ ni. Gbogbo stress tó há sínú irin nígbà tí a ń jó o, ooru yẹn ló ń tú u sílẹ̀. 690 kì í ṣe nǹkan kan, irin ò tíì pọ́n dáadáa nígbà yẹn. Ẹ sì ṣeun tí ẹ lo 7018-1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 7018 lásán náà ò yàtọ̀, orúkọ ni wọ́n fi ń ta á wọ́n. Fọwọ́ sí i kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Kóòdù Lójú (10:22 alẹ́)

Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ níwájú, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí fọwọ́ sí i o. Mo ń ṣe inspection ní Aberdeen níbí, irú ìwé báyìí ti kọjá lọ́wọ́ mi rí, ó ná wọn lówó.

Ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ bóyá ooru dáa tàbí kò dáa kúrò ná. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé WPS yín (ìwé ìlànà wẹ́ẹ̀dì tí PQR ń tì lẹ́yìn) ò fàyè gba PWHT. Nínú ASME Section IX (kóòdù ìdánwò wẹ́ẹ̀dì), coupon tí wọn ò fi ooru yan ò lè jẹ́rìí fún jọ́ìntì tí wọ́n yan, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n yan ò lè jẹ́rìí fún èyí tí wọn ò yan. QW-407.1 nìyẹn, essential variable ni, ìyẹn ohun tó jẹ́ pé tó bá yí padà, PQR tuntun lẹ máa ṣe. Tó bá wá jẹ́ iṣẹ́ tó ní impact (ìdánwò Charpy) nínú bíi tiyín, QW-407.2 tún dé: ó kéré tán, coupon gbọ́dọ̀ ti jẹ 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àkókò tí jọ́ìntì sáìtì máa lò nínú ooru. Coupon tiyín jẹ òdo. Torí náà àwọn mẹ́ta tí wọ́n yan yẹn, títí kan méjì tí ṣáàtì wọn dáa, kò ní ìwé tó bo wọ́n títí di ìsinsìnyí.

Kí ló dé tí kóòdù fi le tó bẹ́ẹ̀? Torí pé ohun tí à ń wá nínú páìpù tútù yàtọ̀ sí ohun tí à ń wá nínú páìpù gbígbóná. Ní -46 ẹ̀rù tó ń bà wá ni kí irin má fọ́ bí àwo tánganran. Òótọ́ ni pé PWHT ń tú stress sílẹ̀ tó sì ń dẹ ibi tó le nínú HAZ (irin ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì tí ooru wẹ́ẹ̀dì kàn), ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n fún irin Grade 6 àti wẹ́ẹ̀dì carbon-manganese, ooru kan náà yẹn lè dín iye joule tí Charpy máa fún yín kù, pàápàá tó bá pẹ́ jù tàbí tó ga jù. Ẹ lọ wo ìwé katalọ́gì àwọn tó ń ṣe 7018-1, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ nọ́ńbà Charpy sí ìlà méjì, ọ̀kan fún bó ṣe wà, ọ̀kan fún èyí tí wọ́n ti yan, nọ́ńbà yẹn kì í bára mu. Ohun tí B31.3 (kóòdù páìpù) ń béèrè fún páìpù yín ò pọ̀, 18 J ní àròpín, kí ẹyọ kan má wálẹ̀ ju 14 lọ. Tí PQR yín bá fún yín ní 90 J kò sí ẹ̀rù. Tó bá jẹ́ pé ó rá kòrò kọjá pẹ̀lú 24 ńkọ́?

Lórí 19 mm yẹn: òfin àtijọ́ ni. Láti ẹ̀dà 2014, B31.3 ti gbà kí P-No. 1 (ẹgbẹ́ irin carbon bíi tiyín) má ṣe PWHT bó ti wù kó nípọn tó, tí ẹ bá ti fi preheat (ooru ṣáájú wẹ́ẹ̀dì) 95°C sí èyí tó nípọn ju 25 mm lọ tí ẹ sì wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ní ìpele púpọ̀. 21.44 ò tilẹ̀ dé 25. Spec yẹn ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé àtijọ́ ni wọ́n dà kọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, spec ga ju kóòdù lọ níbi tó bá ti le ju kóòdù lọ. Ẹ ò lè fi ẹnu ara yín yọ ọ́, ẹ kọ TQ (ìwé ìbéèrè lórí iṣẹ́) sí wọn.

Tunde Ìbàdàn (10:51 alẹ́)

Mo ṣáà rántí pé ASME ní tí èèyàn bá ṣe PWHT nígbà tí kò pọn dandan, wọ́n máa ń fún un ní dígírì 17 ẹ̀bùn lórí tútù tí irin lè dé. Ṣé ìyẹn ò ti Bàbá lẹ́yìn?

Kóòdù Lójú (10:58 alẹ́)

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n Tunde. UCS-68(c) lẹ ń sọ, Section VIII Division 1 nìyẹn, ìwé àwọn tó ń ṣe tanki àti vessel. B31.3 ni páìpù ń tẹ̀lé. Ẹ̀bùn yẹn sì wà fún ìgbà tí wọ́n fẹ́ mọ ibi tí irin lè tutù dé láì ṣe impact test. Iṣẹ́ tiwọn yìí ti ṣe test, -46 sì ni test náà wà, kò sí ibi tí ẹ̀bùn fẹ́ wọlé.

Ẹlẹ́rọ Ooru (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:05 àárọ̀)

Iṣẹ́ mi gan-an nìyí, èmi ni mo máa ń di páàdì (ohun tó ń mú un gbóná) mọ́ páìpù, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin tó ń ka ìwé lè má rí nínú ṣáàtì yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, jọ́ìntì kejì burú ju bí o ṣe rò lọ. Thermocouple òkè tó ń ka 540 yẹn, ó dájú pé ó ti já kúrò lára páìpù tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń darí ẹ̀rọ (fún 10 ínṣì, èyí òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò), ẹ̀rọ rò pé páìpù ò tíì gbóná, ó wá ń rọ iná sí i, ń rọ iná sí i. Ìsàlẹ̀ dé 690. Ta ló wá mọ ohun tí òkè dé? Ooru máa ń gòkè nínú páìpù ni, òkè sábà máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ. Mi ò ní yà mí lẹ́nu tí òkè bá ti kọjá 700. Nítòsí 725 sì ni irin báyìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nínú, lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe PWHT mọ́, nǹkan míì lẹ ti sè.

Bí a ṣe máa ń ṣe é kó má baà ṣẹlẹ̀: wáyà méjèèjì thermocouple, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń fi capacitor discharge (iná tó ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan) lẹ̀ wọ́n mọ́ páìpù, wọ́n á fi bíi mílímítà mẹ́fà jìnnà síra. A kì í fi wáyà so ó, a kì í fi tape lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà a máa fi putty tàbí ègé kọ́ọ̀lù (aṣọ tó ń dí ooru mọ́) kékeré bo orí ẹ̀ kí páàdì má baà máa yá ooru sí i tààrà, torí tí kò bá sí ìbòrí yẹn ó máa parọ́ fún ẹ lókè, o máa rò pé o ti dé 620 nígbà tí páìpù ṣì wà ní 570. Èyí tó já máa parọ́ sísàlẹ̀, èyí tí wọn ò bò máa parọ́ sókè. Mo tún máa ń fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní iṣẹ́ kankan, àpọ́jù ni, àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá kú òun ló máa gbà mí.

Kí ẹ tún dí ẹnu páìpù méjèèjì, atẹ́gùn tó ń gba inú ẹ̀ kọjá lè gba dígírì 30 lọ́wọ́ yín lápá ìsàlẹ̀. Ẹ gbé igi tàbí stand sí abẹ́ ẹ̀ nítorí ní 600 irin ti rọ̀, ó máa tẹ̀. Èrò mi nìyí o, mi ò kọ ìwé kóòdù: ẹ wo ìyára ooru náà lórí ṣáàtì, láti 315 lọ sókè kò gbọ́dọ̀ ju 335 lọ ní wákàtí kan, bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń wálẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kánjú lọ sílé máa ń tú kọ́ọ̀lù kúrò lára ẹ̀ ní 450.

Ìyá Bọ́lá Wẹ́dà (7:30 àárọ̀)

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n lórí 7018 ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò páálí tó wà níwájú mi fún yín. E7018 lásán, 27 J ní -29. E7018-1, 27 J ní -46. Joule kan náà, ìwọ̀n tútù ló yàtọ̀. Nínú propane, dígírì 17 tó wà láàárín wọn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Èmi wẹ́ẹ̀dì Grade 6 ní Bonny fún ọdún mẹ́rin, ohun tí mo rí ni pé kí ooru PWHT tó dé rárá, wẹ́dà fúnra ẹ̀ ti lè ba Charpy jẹ́. Wẹ́dà tó bá fẹ́ràn láti máa fọn ọwọ́ fẹ̀ kó lè kún ún kíá, heat input ẹ̀ (ooru tó ń rọ sínú wẹ́ẹ̀dì) á ga, àwọn hóró kéékèèké tó wà nínú irin á tóbi, yóò sì fọ́ nínú òtútù. Kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń wọn interpass (ooru páìpù kí wọ́n tó gbé ìpele wẹ́ẹ̀dì tó kàn lé e). Lọ́jọ́ tí inspector bá dúró síbẹ̀ ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń fi crayon (èyí tó ń yọ́ láti fi mọ ooru) kan páìpù, tó bá ti lọ jẹun, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n mọ́. Àti elektróòdù, ṣé inú quiver gbígbóná (àpótí tí kì í jẹ́ kó gba omi) ló ń gbé ni àbí orí táyà? Lekki nìyẹn, omi òkun wà nínú afẹ́fẹ́.

Bàbá Wẹ́dà (8:12 àárọ̀)

Ìyá Bọ́lá, mo rí páálí yẹn, mo gbà lórí 7018. Ojú mi ò ríran kékeré mọ́, nọ́ńbà yẹn sì kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ PWHT di ọ̀tá. Àwọn tí wọ́n kọ̀ láti ṣe é ńkọ́? Romeoville ní Illinois, July 1984, ilé ìfọpo. Tówà tó ń lo amine (kẹ́míkà tó ń fọ gáàsì) ni, wọ́n pààrọ̀ apá kan lára ẹ̀, wọn ò fi ooru yan ibi tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì, HAZ le bí òkúta, hydrogen wọ inú ẹ̀, ó ya, èèyàn 17 kú. Ìtàn tí wọ́n fi kọ́ wa nìyẹn.

Kóòdù Lójú (8:35 àárọ̀)

Òótọ́ ni, Bàbá, mi ò jiyàn ìyẹn rárá. Amine, caustic, páìpù tí H2S àti omi jọ wà nínú ẹ̀, níbẹ̀ ohun tó wà nínú páìpù ló ń béèrè PWHT, ì báà jẹ́ 6 mm. Propane mímọ́ tónítóní ò ní irú ìyẹn nínú. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ tiwọn ni Longford ní Australia, September 1998: ẹ̀rọ pàṣípààrọ̀ ooru tó yẹ kó máa gbóná ló di yìnyín, nígbà tí epo gbígbóná padà wọ inú ẹ̀ ó ya lójijì, èèyàn méjì kú.  Irin náà ni òtútù yẹn ti ju agbára ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, nítorí náà béèrè lọ́wọ́ wọn kedere nínú TQ: ṣé nítorí nípọn nìkan lẹ ṣe fẹ́ PWHT, àbí nǹkan míì wà nínú propane yẹn? Èsì yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe sí 11 tó kù.

Tunde Ìbàdàn (9:02 àárọ̀)

Jọ́ìntì kejì yẹn, ẹ ò lè kàn gbé ẹ̀rọ hardness (tó ń wọn bí irin ṣe le tó) kékeré lọ síbẹ̀ ni? Tí nọ́ńbà bá dáa kí wọ́n fi í lẹ̀. Gígé páìpù 10 ínṣì kì í ṣe eré.

Ẹlẹ́rọ Ooru (9:20 àárọ̀)

Hardness máa dáa! Ohun tó ń dun èèyàn nìyẹn. Irin tí wọ́n yan jù máa ń rọ̀ ni, nọ́ńbà máa rẹwà lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ irin tó rọ̀ ṣì lè fọ́ ní -46. Hardness ò lè sọ Charpy fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Bọ́lá Wẹ́dà (9:31 àárọ̀)

Èmi ò gbà pé gígé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ronú o. A rí i ṣe níbì kan: wọ́n wẹ́ẹ̀dì coupon míì, wọ́n fi ooru gangan tó ṣẹlẹ̀ lórí ṣáàtì sè é, wọ́n gé e sí Charpy, ó kọjá, àwọn oníṣẹ́ gbà á.

Ẹlẹ́rọ Ooru (9:44 àárọ̀)

Ìyá Bọ́lá, ìyẹn dáa tí ẹ bá mọ ooru gangan tó ṣẹlẹ̀. Òkè páìpù yẹn ò ní àkọsílẹ̀ kankan. Kí lẹ fẹ́ sè coupon dé? 690? 710? 740? Fún àwọn méjì tí ṣáàtì wọn dáa, ọ̀nà yín ló tọ́.

Ìyá Bọ́lá Wẹ́dà (9:47 àárọ̀)

Hmm. O rí mi mú. Tiwa, thermocouple mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó já.

Sùúrù Lérè (11:15 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i, apprentice ni mí. Tí gẹ́ń (jẹnẹrétọ̀) bá kú láàárín ìgbà tí wọ́n ń yan án ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, dísẹ̀lì tán ní ogún ìṣẹ́jú sí ìparí.

Kóòdù Lójú (11:40 àárọ̀)

Ìbéèrè tó dáa. Ẹ jẹ́ kó tutù wálẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú kọ́ọ̀lù ẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbé e gòkè padà. Ṣùgbọ́n àkókò méjèèjì máa pọ̀ pọ̀, iye gbogbo ìṣẹ́jú tó lò nínú ooru ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn, 80 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Torí ẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n kì í fi wákàtí kan péré yan coupon. Fi wákàtí mẹ́ta yan án, o ti bo wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45 ní sáìtì: gẹ́ń kú, repair, yan án lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀ wọ inú ẹ̀. Tí Charpy bá kọjá lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ ti sinmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú QC (Ọjọ́rú, 8:50 alẹ́)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣé gan-an, mi ò fọwọ́ sí i. Fọ́màànù bá mi ṣépè díẹ̀, ó ti dákẹ́.

A kọ TQ ní Mọ́ńdè. Èsì dé lónìí: nípọn nìkan ni ìdí, ìwé àtijọ́ ni lóòótọ́ bí Kóòdù Lójú ṣe sọ. Wọ́n gbà kí 11 tó kù wà bó ṣe wà, WPS tí a ní bò wọ́n. Fún àwọn méjì tí wọ́n yan dáadáa, a ti wẹ́ẹ̀dì coupon tuntun láti inú ègé páìpù kan náà, Ìyá Bọ́lá, mo dúró ti wẹ́dà náà pẹ̀lú crayon títí ó fi parí. Ọ̀la ni wọ́n máa yan án ní 620, wákàtí mẹ́ta, thermocouple mẹ́rin, ó tún wá di lab. Jọ́ìntì kejì, wọ́n ní ká gé e. Ṣé ojú wẹ́ẹ̀dì nìkan la máa gé ni àbí kí la máa ṣe?

Bàbá Wẹ́dà (9:10 alẹ́)

Rárá o, ojú wẹ́ẹ̀dì nìkan kọ́. Ẹ rántí pé páàdì ò bo wẹ́ẹ̀dì nìkan, ó bo páìpù lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ibi tó wà lábẹ́ páàdì yẹn ló jẹ ooru yẹn. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ lọ jìnnà síbi tí kọ́ọ̀lù parí sí, ẹ fi ègé páìpù tuntun dí i. Ó máa di wẹ́ẹ̀dì méjì dípò ọ̀kan, ẹ fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ flange ló wà lápá kan, flange yẹn náà ti lọ. Kí ègé tuntun náà ní heat number (nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ ibi tí irin ti wá) tó bá sáfíkéètì mu, kí ẹ má lọ mú A106 (páìpù tí kì í ṣe ti òtútù) tó wà nílẹ̀ torí pé wọ́n jọra lójú. Grinder ni kẹ́ ẹ fi gé e. Tí lab bá ti fún yín lésì, ẹ wá sọ iye joule náà fún wa.